Ẹ Má Tíì Fọwọ́ Síwèé

Ẹ̀gbọ́n kan pè mí lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ọmọ rẹ̀ ń gbá bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà, èyí tí wọ́n ń fọwọ́ gbé sá yẹn. Ó ti pààrọ̀ háìskúùlù lẹ́ẹ̀mejì, kóòṣì sì ní kó parí ní Disẹ́ńbà, kó wọ yunifásítì ní Jánúárì, kó lè bá wọn ṣe ìdánrawò kí ọdún bọ́ọ̀lù tó dé.

Owó ló fa ìkánjú. Láti oṣù keje 2025 ni yunifásítì ti lè máa sanwó fún agbábọ́ọ̀lù tààrà. Quinn Ewers, ọmọ Texas, fo odidi ọdún tó kẹ́yìn ní 2021, ó lọ sí Ohio State. Kí Disẹ́ńbà tó parí, ó ti ń padà sí Texas. Ó rí i ṣe o, ṣùgbọ́n ọmọ mélòó ló ní apá bíi tiẹ̀?

Mo ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ má tíì fọwọ́ síwèé.” Fún Division I, NCAA ń béèrè kọ́ọ̀sì 16. Ọmọ gbọ́dọ̀ ti parí 10 kí ọdún kẹrin tó bẹ̀rẹ̀, 7 nínú wọn ní Gẹ̀ẹ́sì, ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì. Tí ọdún náà bá ti wọlé, kò sí àtúnṣe máàkì fún 10 yẹn mọ́. Iléèwé tuntun ọmọ yìí kò sì ka ìṣirò kan tó ti ṣe sí. Kóòṣì ò sọ ìyẹn fún wọn.

Ọjọ́ Ajé la jọ ń lọ bá olùdámọ̀ràn iléèwé náà.