Élisabeth Kò Sọnù Nínú Sáfà

Bí oṣù Kẹjọ bá ti dé, èrò a máa rọ́ lọ sí ihò Arigbo ní Dassa-Zoumè, ìlú olókè 41 nílẹ̀ Ìdáàṣà, fún ìrìn àjò mímọ́ àwọn Kátólíìkì. Ẹ jẹ́ ká ní orúkọ àwọn àlejò tí yóò sun ilé kan wà lórí sáfà, tí akọ̀wé méjì sì ń wọlé sí i, oníkálukú pẹ̀lú àkáǹtì tirẹ̀. Faransé ni kọ̀ǹpútà ẹnì kìn-ín-ní ń sọ. Èkó ni èkejì ti ra tirẹ̀. Àwọn méjèèjì tẹ àṣẹ sort, tó ń to ìlà, lórí fáìlì kan náà. Lọ́dọ̀ ti àkọ́kọ́, Élisabeth wà láàárín Denis àti François. Lọ́dọ̀ èkejì, ẹ̀yìn Zacharie ló bọ́ sí.

“Ta ló fọwọ́ kan fáìlì yìí?” Ìjà dé nìyẹn, bẹ́ẹ̀ kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án.

Lórí Debian àti Ubuntu, SSH tí a fi ń wọlé sí sáfà máa ń gbé ètò èdè kọ̀ǹpútà ẹni lọ bá sáfà. Kọ̀ǹpútà Èkó lè gbé en_NG lọ. Bí sáfà kò bá ní in, àṣẹ náà á já padà sí ètò C, tó ń fi nọ́ńbà inú ẹ̀rọ to lẹ́tà: nọ́ńbà É sì ju ti z lọ. Àmì ìdá pàápàá ń yí padà: 0,5 ní Faransé, 0.5 ní C.

Ewu gidi wà níbi àfiwé. Bí a bá fi comm, àṣẹ tó ń fi ìwé méjì wéra, wo ìwé tí àwọn méjèèjì tò lábẹ́ àkáǹtì Faransé, yóò ní ìwé kìn-ín-ní nìkan ni Élisabeth wà, yóò tún ní ìkejì nìkan ló wà. Ó máa ń kìlọ̀ pé ìwé kejì kò tò, ṣùgbọ́n ta ní í ka ìkìlọ̀? Bẹ́ẹ̀ ni àlejò ṣe ń pàdánù ibùsùn.

Agbẹ́jọ́ ẹnì kan dájọ́, àgbà òṣìkà. Kí ẹ tó fẹ̀sùn kan ẹnikẹ́ni, kí àwọn méjèèjì tẹ locale, tó ń fi ètò èdè hàn, kí ẹ sì fi ìdáhùn wọn wéra. Bí ó bá dọ́gba, ẹ tẹ type -a sort, bóyá ẹnì kan ti fún àṣẹ náà ní ìtumọ̀ mìíràn. Ẹ kọ LC_ALL=C sí iwájú gbogbo sort àti comm tó jẹ mọ́ àfiwé; fún ìwé tí ẹ ó lẹ̀ mọ́ ògiri, ẹ lo fr_FR.UTF-8. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má torí èyí pín ọ̀rọ̀ aṣínà root, àkáǹtì alágbára gbogbo, káàkiri ọ́fíìsì.