Ta Ló Kọ́ Ògbufọ̀ Kóòtù Níṣẹ́? Lẹ́tà Gbangba sí Adájọ́ Àgbà Nàìjíríà

Sí Onídàájọ́ Kudirat Kékeré-Ẹkùn,
Adájọ́ Àgbà Orílẹ̀-èdè Nàìjíríà,
Àbújá.

Mo mọ̀ pé ìwé tó ń dé orí tábìlì yín kì í ṣe kékeré, nítorí náà n kò ní fọ̀rọ̀ falẹ̀. Àwọn tó ń túmọ̀ ọ̀rọ̀ ní kóòtù wa kò rí ẹ̀kọ́ tó bá iṣẹ́ wọn mu kọ́, ọwọ́ yín sì ni àtúnṣe rẹ̀ wà.

Ẹ̀yin ni mo kọ lẹ́tà yìí sí, kì í ṣe gómìnà kankan, nítorí ẹ̀yin ni alága ìgbìmọ̀ tó ń darí National Judicial Institute, ilé ẹ̀kọ́ àwọn adájọ́. Òfin tó dá ilé ẹ̀kọ́ náà sílẹ̀ ní 1991 kò sọ pé adájọ́ nìkan ni kó máa kọ́. Ó ka àwọn òṣìṣẹ́ tó ń ràn wọ́n lọ́wọ́ mọ́ ọn. Yàtọ̀ síyẹn, ẹ ti jókòó sórí àga májísíréètì rí. 1989 lẹ bẹ̀rẹ̀ ní Ìpínlẹ̀ Èkó, kò sí ẹni tó máa ṣẹ̀ṣẹ̀ ròyìn kóòtù ìsàlẹ̀ àárọ̀ ọjọ́ Ajé fún yín.

Akọ̀wé kóòtù ló ń pe nọ́ńbà ẹjọ́, òun ló ń kó fáìlì, òun ló ń ka ẹ̀sùn, òun náà ló tún ń ṣe ògbufọ̀. Kí ló fún un níṣẹ́ yẹn? Ó gbọ́ èdè. Àfi bí ẹni pé gbogbo ẹni tó bá ti lẹ́nu ló lè ṣe lọ́yà.

Mo wà ní kóòtù kan tí wọ́n mú ọmọkùnrin kan tó ń bá bíríkìlà ṣiṣẹ́ wá. Wọ́n ní ó lu ẹnìkan, ó sì ṣe é léṣe. Akọ̀wé ka ẹ̀sùn ní Gẹ̀ẹ́sì tán, ó kó gbogbo rẹ̀ pọ̀ sí gbólóhùn Yorùbá kan: “Wọ́n ní o lu lágbájá, ṣé o jẹ̀bi àbí o ò jẹ̀bi?” Ọmọ náà ní, “Mo lù ú o, ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣùgbọ́n òun ló kọ́kọ́ yọ ọ̀bẹ sí mi.” Akọ̀wé yíjú sí adájọ́: ó ní òun jẹ̀bi. Ọ̀bẹ ti bọ́ sọnù láàárín Yorùbá àti Gẹ̀ẹ́sì. Orí ló yọ ọmọ yẹn, adájọ́ gbọ́ Yorùbá. Ó gbé bírò sílẹ̀, ó ní kó tún ọ̀rọ̀ rẹ̀ sọ, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé kò gbà pé òun jẹ̀bi.

N kò bínú sí akọ̀wé. Ta ló sọ fún un rí pé àlàyé tó tẹ̀ lé “mo lù ú” ni ẹjọ́ gan-an? Ká wá ní Ẹ̀gùn Àgbádárìgì tàbí Hausa ni ọmọ náà ń sọ ńkọ́? Wọ́n á bojú wo èrò ẹ̀yìn: “Ta ló gbọ́ Hausa níbí?” Ẹni tó wá ṣe onídùúró fún àbúrò rẹ̀ á dìde, ó di ògbufọ̀ ìjọba. Agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá sì nìyí, òṣìkà tí àwọn àgbà ń wí, bẹ́ẹ̀ adájọ́ ò mọ̀ pé òun ń ṣe é.

Abala 36 ìwé òfin 1999 fún ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn ọ̀daràn kàn ní ògbufọ̀ láìgba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. ACJA, òfin ìgbẹ́jọ́ ọ̀daràn ti 2015, náà ní kí ògbufọ̀ kọ ọ̀rọ̀ afurasí tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì sílẹ̀, kó sì kà á fún un títí yóò fi yé e. Kì í sì í ṣe olùjẹ́jọ́ nìkan ni àìkọ́ṣẹ́ ògbufọ̀ ń pa lára. Bí ẹni tó túmọ̀ ọ̀rọ̀ ní àgọ́ ọlọ́pàá kò bá wá jẹ́rìí, àgbọ́sọ lásán ni ìwé ọ̀rọ̀ afurasí náà, kóòtù kì í gbà á. Ọ̀daràn paraku lè tibẹ̀ lọ sílé, kí agbefọ́ba wá máa nàka sí adájọ́.

Irú aburú bẹ́ẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ ní ìlú Òyìnbó náà. Ní 1981, obìnrin kan tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì dúró ní kóòtù, wọ́n kọ ọ́ pé ó gbà pé òun jẹ̀bi ìpànìyàn, wọ́n sì rán an lẹ́wọ̀n gbére. Oníṣirò owó ni wọ́n fi ṣe ògbufọ̀ rẹ̀! 1985 ni kóòtù kòtẹ́milọ́rùn fagi lé e. Nígbà tó di 1994, wọ́n ti ní ìwé tí wọ́n ń kọ orúkọ àwọn ògbufọ̀ tó kúnjú òṣùwọ̀n sí.

Institute yín máa ń pe àwọn rẹ́jísírà àti akọ̀wé kóòtù wá fún ìdánilẹ́kọ̀ọ́. Ẹ jẹ́ kí ti ògbufọ̀ dá dúró, kó ní ìdánwò àti ìwé ẹ̀rí, kí owó oṣù ẹni tó bá yege sì yàtọ̀. Bí owó kò bá ní yàtọ̀, ẹ má wulẹ̀ da ara yín láàmú. Kí wọ́n kọ́ wọn láti wí “mo” níbi tí ẹlẹ́jọ́ bá ti wí “mo”, kí wọ́n má gé ọ̀rọ̀ ọlọ́rọ̀ kúrú, kí wọ́n sì lè sọ fún adájọ́ pé, “Èyí kò yé mi, ẹ jẹ́ n tún bi í.” Ìyẹn ló le jù fún akọ̀wé kékeré. Àwọn olùkọ́ tó mọ èdè wà ní yunifásítì Ifẹ̀, Ìbàdàn àti Èkó. Ní 1991 yẹn kan náà ni NERDC, àjọ ìjọba tó ń rí sí ìwádìí ẹ̀kọ́, ṣe àkójọ ọ̀rọ̀ ilé aṣòfin ní Gẹ̀ẹ́sì, Hausa, Ìgbò àti Yorùbá. Irú rẹ̀ fún kóòtù kò lè kọjá agbára wa.

Kí ìyẹn tó bẹ̀rẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ̀wé sí àwọn adájọ́ àgbà ìpínlẹ̀, kí gbogbo májísíréètì máa kọ orúkọ ẹni tó túmọ̀ ọ̀rọ̀, èdè tó túmọ̀, àti bóyá òṣìṣẹ́ kóòtù ni, sínú ìwé ẹjọ́ ọjọ́ náà. Kò ná ìjọba ní nǹkan kan. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, ẹ gbà á, kí ẹ kà á fúnra yín.

Èmi ni ọmọ yín,
Akọ̀ròyìn kan ní Ìbàdàn.