Ṣọ́ọ̀kì Tòkunbọ̀ Ló Wọ́n Jù

Irin, rọ́bà àti òróró ló para pọ̀ di ẹsẹ̀ ọkọ̀. Irin ni lówà áàmù tó so táyà mọ́ abẹ́ ọkọ̀, irin náà ni sípíríǹgì tó ru ẹrù. Rọ́bà ni búṣìn tó wà ní oríkèé áàmù, kí irin má baà máa lọ irin. Ní ti ṣọ́ọ̀kì, òróró tó ń gba ojú ihò tín-tìn-tín inú rẹ̀ kọjá ni kì í jẹ́ kí sípíríǹgì máa fò sókè sódò lẹ́yìn tí ọkọ̀ bá ti jáde nínú gálọ́ọ̀pù. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kì í gbó bákan náà. Ẹni tí owó rẹ̀ kò tó, tó wá lọ ra gbogbo rẹ̀ ní tòkunbọ̀ nítorí kó lè ṣọ́ owó ná, òun gan-an ló ń ná ìná àpà.

Abẹ́òkúta kì í sì í ṣe ìlú tí ẹsẹ̀ ọkọ̀ ti ń rí ìsinmi. Nígbà tí àwọn Ẹ̀gbá tẹ ibẹ̀ dó ní nǹkan bí ọdún 1830, ibi ìsádi lọ́wọ́ ogun ni wọ́n ń wá láàrin àpáta. Ta ló ń ro ti mọ́tò? Ní àdúgbò bí Ìtòkú àti Ìkìjà, gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ àti ojú àpáta ni ọkọ̀ ń bá yí. Ẹni tó bá sì gba Ìtórì àti Ifọ̀ lọ sí Èkó á bá tírélà sìmẹ́ǹtì pàdé ní Ewékorò, níbi tí ilé iṣẹ́ sìmẹ́ǹtì ti wà láti 1960. Ẹrù tí àwọn tírélà wọ̀nyí ń kó ń fọ́ ọ̀dà, Corolla àti Micra àtijọ́ ló sì ń fi ẹsẹ̀ wọn san gbèsè náà.

Ọ̀rọ̀ tó wà lẹ́nu ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì, láti Láfẹ́nwá dé Àdátán, ni pé “Belgium”, bí wọ́n ṣe ń pe ẹ̀yà ọkọ̀ àlòkù tó ti òkè òkun dé, sàn ju tuntun lọ. Ní ti irin, wọn kò parọ́. Áàmù tí ilé iṣẹ́ tó ṣe ọkọ̀ rọ, tí kò tẹ̀, tí kò sán, sàn ju tuntun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí kò ní orúkọ lọ fíìfíì. Kí olùrà sáà wo ojú ìjórin rẹ̀ dáadáa, nítorí iyọ̀ tí wọ́n ń dà sójú títì nígbà òtútù ní Yúróòpù máa ń jẹ irin láti ìsàlẹ̀. Ṣùgbọ́n rọ́bà ń gbó, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orí àtẹ ló wà: ooru àti atẹ́gùn ń mú un le, ó ń sán. Nàìjíríà ti fòfin de kíkó àlòkù táyà ọkọ̀ kékeré wọlé. Rọ́bà búṣìn àti rọ́bà tó sé òróró mọ́ inú ṣọ́ọ̀kì kò le ju ti táyà lọ, síbẹ̀ àwọn tó ń sá fún táyà àlòkù ń dúnàádúrà búṣìn àlòkù. Ọ̀pọ̀ ló sì ń fi ọwọ́ tẹ ṣọ́ọ̀kì mọ́lẹ̀ ní ìsọ̀, tí wọ́n á ní ó ṣì le. Ọwọ́ ènìyàn kò lè yára bíi táyà tó já sínú kòtò, nítorí náà ìdánwò yẹn kò fi nǹkan kan hàn.

Àwọn kan tún wà tí wọ́n ń lu ihò sára ṣọ́ọ̀kì tó ti kú, tí wọ́n ń rọ òróró mìíràn sí i, tí wọ́n sì ń jó o pa. Gáàsì inú rẹ̀ ti lọ, fáàfù tó ti jẹ ṣì wà níbẹ̀. Kíki ègé táyà sáàrin sípíríǹgì kí ọkọ̀ lè ga burú ju bẹ́ẹ̀ lọ. (Peugeot 504 tí wọ́n ń tò ní Kàdúná láti 1975 ló jọ pé ó ba àwọn awakọ̀ jẹ́: oríṣi rẹ̀ tó gùn, tó ń kó èrò lọ sí ọ̀nà jíjìn, ní sípíríǹgì mẹ́rin lẹ́yìn. Corolla kì í ṣe 504.)

Owó iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ń gbà lórí ṣọ́ọ̀kì tòkunbọ̀ àti tuntun. Bí tòkunbọ̀ bá kú láìpẹ́, wọ́n á tún un tú, wọ́n á tún san owó aláìmẹ́ǹtì láti to táyà bọ́ sí ìlà, táyà á sì ti jẹ lójú kọ̀ọ̀kan. Lóòótọ́, ayédèrú tuntun pọ̀ lọ́jà. KYB ilẹ̀ Japan, tó ń ṣe ṣọ́ọ̀kì fún Toyota fúnra rẹ̀, àti 555 tí wọ́n fi bọ́ọ̀lù jọ́ìǹtì (oríkèé tó so áàmù mọ́ ẹsẹ̀ táyà) mọ̀, ni àwọn tó ń ṣe ayédèrú fẹ́ràn láti fi páálí wọn tanni. Nọ́ńbà tó wà lára irin ni kí olùrà wò, kì í ṣe ti páálí nìkan. Bọ́ọ̀lù jọ́ìǹtì tuntun tó sì mì jọ̀bọ̀jọ̀bọ̀ lọ́wọ́, kó dá a padà.

Bí owó kò bá ká gbogbo rẹ̀, bọ́ọ̀lù jọ́ìǹtì àti táìrọ́ọ̀dù, irin tó so sítíárì mọ́ táyà, ló ṣáájú, nítorí bí ọ̀kan nínú wọn bá já lórí eré, táyà á yà sọ́tọ̀, ọkọ̀ á sì kọ ìdarí. Lára Corolla 2003 sí 2008, bọ́ọ̀tì kan àti nọ́ọ̀tì méjì ló de bọ́ọ̀lù jọ́ìǹtì mọ́ áàmù. Kò sídìí láti ra odindi áàmù nítorí rẹ̀. Ṣọ́ọ̀kì iwájú ló tẹ̀ lé e, méjèèjì papọ̀, lẹ́yìn náà búṣìn. Láńkéèjì, irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó so ṣọ́ọ̀kì mọ́ ọ̀pá tí kì í jẹ́ kí ọkọ̀ fì, ló kẹ́yìn, òun sì ni ọ̀pọ̀ ń kọ́kọ́ pààrọ̀ nítorí òun ló ń dún kọ̀kọ̀kọ̀ létí. Ṣọ́ọ̀kì tó ti kú lè má dún rárá títí di ọjọ́ tí búrééki kò ní mú ọkọ̀ dúró níbi tó yẹ.

Ẹ̀sùn pé búṣìn tuntun kì í pẹ́ ní ìdí mìíràn tí àwọn tó ń fi í kàn kì í dárúkọ. Orí jáàkì, nígbà tí áàmù rọ̀ sílẹ̀, ni ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì ti ń fún bọ́ọ̀tì áàmù pinpin. Bí ọkọ̀ bá ti wá fẹsẹ̀ tẹlẹ̀, rọ́bà á lọ́ pọ̀, á wà bẹ́ẹ̀ tọ̀sán tòru títí á fi ya, wọ́n á ní ayédèrú ni. Nígbà tí ọkọ̀ bá dúró lórí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló yẹ kí wọ́n tó fún un pa.