Kí Ẹ Tó Mú Ìbọn Ìléwọ́ Wọ Igbó Àgbọ̀nrín

Bí oṣù kẹwàá bá ti wọlé ní Amẹ́ríkà, àwọn Yorùbá tó ń gbé ní Texas, Georgia, Maryland àti Ohio a máa rí i bí àwọn aládùúgbò wọn ṣe ń di ẹrù ìgbẹ́ sẹ́yìn ọkọ̀. Ní báyìí, àwọn tiwa náà ti ń bá wọn lọ. Kò sí ohun tó burú níbẹ̀. Ọmọ ọdẹ pọ̀ nínú wa, àgbọ̀nrín onírù funfun tó kún igbó ibẹ̀ sì dùn lọ́bẹ̀. Ìbọn tí àwọn kan ń mú dání lọ ló ń kọ mí lóminú. Ẹnì kan á ti ra ìbọn ìléwọ́ kékeré olọ́ta mílímítà 9 láti fi ṣọ́ ilé, á wá ní kí lòun tún ń wá òmíràn fún. Ẹlòmíràn á lọ sí ṣọ́ọ̀bù, á ní kí wọ́n gbé èyí tó tóbi jù lọ fún òun. Àwọn méjèèjì ló ṣì í, ẹran ló sì máa jẹ ìyà àṣìṣe wọn.

Ohun tí ọdẹ ń fẹ́ ni kí ẹran kú kíá, nítòsí ibi tí ọta ti bà á, kí ó má joró. Kí èyí tó lè rí bẹ́ẹ̀, orí ọta gbọ́dọ̀ la awọ, kí ó la egungun ìhà, kí ó sì la ẹ̀dọ̀fóró tàbí ọkàn kọjá. Akọ tó ti gbó ní ìhà àríwá Amẹ́ríkà lè wọn kílò 90 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Agbára tí ọta mílímítà 9 tó wọ́pọ̀ ń gbé jáde lẹ́nu ìbọn kò ju nǹkan bí 350 sí 400 lọ, bí a bá fi fútù-páùn wọ̀n ọ́n, ìyẹn òṣùwọ̀n tí wọ́n ń kọ sára páálí ọta níbẹ̀. Bí egungun èjìká bá dá irú ọta bẹ́ẹ̀ dúró, ẹran á gbé ọgbẹ́ sá wọ igbó, á kú sínú ẹ̀gún ní ọ̀la, igún ni yóò sì jẹ ẹ́. Bàbá ọdẹ wo ló máa fi irú èyí yangàn?

Àwọn ìpínlẹ̀ kan ti rí ọ̀rọ̀ yìí, wọ́n sì ti fi òfin dè é. Ní Maryland, níbi tí àwa Yorùbá pọ̀ sí gan-an, ọta ìbọn ìléwọ́ tí ẹ máa fi pa àgbọ̀nrín gbọ́dọ̀ ní agbára tó tó fútù-páùn 700 lẹ́nu ìbọn. Colorado ní kí ó ṣì ku 550 lára agbára ọta nígbà tó bá ti rin yáàdì 50. Ohio fẹ́ ọta tí ara rẹ̀ gún régé, tí fífẹ̀ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti ínǹṣì .357, kí ọ̀pá ìbọn sì gùn tó ínǹṣì 5. Pennsylvania kò gba pístọ́ọ̀lù tó ń ki ara rẹ̀ lọ́ta fún àgbọ̀nrín rárá, àfi rìfọ́fà, èyí tí ilé ọta rẹ̀ máa ń yí po, tàbí ìbọn tí ọwọ́ ẹni fúnra rẹ̀ ń kì. Ìka ò dọ́gba. Ní Texas ńkọ́? Àwọn ọta wẹ́wẹ́ bíi .22, tí iná wọn wà létí ìdí, nìkan ni òfin kà léèwọ̀ fún àgbọ̀nrín níbẹ̀. Ìyẹn ni pé òfin Texas kò ní mú ẹni tó gbé mílímítà 9 wọ igbó. Ṣùgbọ́n pé òfin kò mú yín kò sọ pé ohun tí ẹ ṣe bójú mu.

Èwo wá ni kí ènìyàn rà? Ọta .357 Magnum, tí Smith & Wesson gbé jáde lọ́dún 1935, ni ìsàlẹ̀ pátápátá. Èyí tó wọ́pọ̀ nínú rẹ̀, tí orí rẹ̀ wọn gréènì 158, ń gbé nǹkan bí 535 jáde láti inú ìbọn tí ọ̀pá rẹ̀ gùn ní ínǹṣì 4. Ẹ fi wé òfin Maryland tí mo sọ lókè, ẹ ó rí i pé kò kúnjú òṣùwọ̀n, àfi kí ẹ wá èyí tí wọ́n rọ lágbára sí i, kí ọ̀pá ìbọn náà sì gùn. Ọta .44 Magnum, tó jáde ní 1955, ni mo máa ń tọ́ka sí fún ẹni tó bá bi mí. Orí gréènì 240 rẹ̀ kọjá 700 láìlàágùn, ó sì ti tó nǹkan bí àádọ́rin ọdún tí àwọn ọdẹ Amẹ́ríkà ti ń fi í pa àgbọ̀nrín. Ẹni tó bá fẹ́ràn pístọ́ọ̀lù ju rìfọ́fà lọ, tí òfin ìpínlẹ̀ rẹ̀ sì gbà á láàyè, lè wo 10mm Auto, pẹ̀lú orí ọta gréènì 180 sí 200.

Ohun tó bá ti ju ìwọ̀nyí lọ, bíi .454 Casull tàbí .500 tí Smith & Wesson gbé dé ní 2003, ó ju ti àgbọ̀nrín lọ. Fíìmù Dirty Harry ti 1971 wà lára ohun tó jẹ́ kí àwọn ènìyàn gbà pé bí ìbọn bá ṣe tóbi tó ni ọkùnrin ṣe tó. Ìbọn tó ń ta ẹni sẹ́yìn kọjá agbára ẹni máa ń kọ́ ọwọ́ níwà burúkú. Ojú á ti máa ṣẹ́, ọwọ́ á ti máa já wálẹ̀, kí ọta tó jáde rárá. Ọta .44 tó bà níbi tó yẹ sàn ju ọta .500 tó ba ìfun lọ.

Nítorí náà, ọwọ́ yín ni kí ó yan ìbọn, kì í ṣe ojú yín. Ọ̀nà tí ẹ fi máa mọ̀ kò nira. Ibi ẹ̀mí àgbọ̀nrín, ìyẹn ọkàn àti ẹ̀dọ̀fóró, fẹ̀ tó nǹkan bí ínǹṣì 8. Irú abọ́ oníbébà tí a fi ń pín jọ̀lọ́ọ̀fù níbi ayẹyẹ ti tó fún ìwọ̀n náà. Ẹ gbé e kọ́ ní pápá ìdánrawò, ní yáàdì 25, kí ẹ yin ọta mẹ́fà sí i bí ẹ ó ṣe yìn ín nínú igbó: ní ìjókòó, ní ìkúnlẹ̀, tàbí pẹ̀lú ọ̀pá ìfaratì, kí ẹ sì fi ọwọ́ méjèèjì di ìbọn mú. Bí gbogbo wọn bá wọ inú abọ́, ẹ sún un sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀. Ibi tí ọ̀kan bá ti kọ́kọ́ ṣìnà, ẹ ti kọjá ààlà yín. Fún ọ̀pọ̀ ènìyàn tó ń lo rìfọ́fà, ààlà yìí kì í kọjá yáàdì 50, àwọn mìíràn ò sì tó bẹ́ẹ̀. Ẹran tó bá dúró ré kọjá ibẹ̀, ẹ jẹ́ kí ó máa lọ.

Nípa ìbọn fúnra rẹ̀, mi ò ní pẹ́ níbẹ̀. Ọ̀pá ínǹṣì 6 sí 8 ló dára, nítorí ó ń fún ọta ní agbára sí i, ìwúwo rẹ̀ sì ń dín ìtasẹ́yìn kù. Bí ẹ bá fẹ́ gbé awò lé e lórí, èyí tí wọ́n ṣe fún ìbọn ìléwọ́ ni kí ẹ rà. A máa ń na apá síwájú fún un, nígbà tí awò ìbọn gígùn ń fẹ́ kí a sún ojú mọ́ ọn, ẹni tó bá sì ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú .44 á fi iwájú orí gbà á. Ẹ má gbàgbé ohun ìdábòbò etí. Ìró .44 Magnum kọjá dẹ́síbẹ́ẹ̀lì 160, ẹ̀ẹ̀kan péré sì lè ba etí jẹ́ títí ayé.

Ọ̀rọ̀ ọta ló gba àròjinlẹ̀. Inú páálí méjì tí wọ́n kọ .44 Magnum sí lára lè má rí bákan náà. Ọta tí wọ́n fi bàbà bo orí rẹ̀ pátá, irú ti ológun, kì í tanná nínú ẹran, ìyẹn ni pé orí rẹ̀ kì í fẹ̀. Á gún un wọlé, á gún un jáde, ihò rẹ̀ á sì kéré. Ìdí nìyẹn tí Illinois fi kà á léèwọ̀ fún àgbọ̀nrín. Ọta ààbò ilé tí orí rẹ̀ lu ihò ní tirẹ̀ máa ń tanná yá jù, kí ó tó dé ibi tó jìn. Ohun tí ẹ ó bèèrè lọ́wọ́ ọlọ́jà ni ọta ọdẹ: èyí tí òjé yọrí díẹ̀ láti inú bàbà rẹ̀, tàbí èyí tó jẹ́ kìkì bàbà. Òjé líle tí orí rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ náà ń ṣiṣẹ́, nítorí ó ń wọlé jìnnà, ṣùgbọ́n kì í tanná, àwọn ìpínlẹ̀ tó ń fẹ́ orí ọta tó ń tanná kò sì ní gbà á.

Ẹ wo ọ̀ràn òjé yìí dáadáa, torí ẹran la fẹ́ jẹ. Ní 2008, àwọn aláṣẹ ìlera ní North Dakota ní kí àwọn ilé ìtọrẹ oúnjẹ da ẹran àgbọ̀nrín lílọ̀ tí àwọn ọdẹ fi tọrẹ nù, nítorí wọ́n rí èérún òjé nínú rẹ̀. Láti ọjọ́ kìíní oṣù keje ọdún 2019, California kò gba ọta olójé mọ́ fún ọdẹ kankan. Ọta ìbọn ìléwọ́ kì í fọ́ tó ti ìbọn gígùn, torí kì í sáré tó o, ṣùgbọ́n kò sí òjé tó ṣeun fún ọmọdé àti aboyún. Bí owó bá ká a, ẹ ra ti bàbà. Bí kò bá ká a, ẹ gé ẹran tó yí ojú ọgbẹ́ ká sọnù, kí ẹ gé e jìnnà, ẹ má wo ti pé ó ṣeé fi se ẹ̀gúsí.

Kò di dandan kí ìdánrawò máa dun ọwọ́. Ọta .44 Special ń wọ ìbọn .44 Magnum, .38 Special sì ń wọ .357, àwọn méjèèjì kì í ta ẹni sẹ́yìn tó bẹ́ẹ̀. Ẹ má dán òdìkejì rẹ̀ wò láé. Kí ìgbà ọdẹ tó dé, ọta tí ẹ máa fi ṣọdẹ gan-an ni kí ẹ fi parí ìdánrawò, nítorí ibi tí méjèèjì ń bà kì í dọ́gba.

Ọ̀rọ̀ kan kù fún àwa tí a wá láti òkèèrè. Òfin àpapọ̀ Amẹ́ríkà kò gba ẹni tí kò ní ìwé ìgbélùú láàyè láti fọwọ́ kan ìbọn tàbí ọta rárá. Ẹni tó wà lórí físà ìbẹ̀wò tàbí ti akẹ́kọ̀ọ́ náà kò lè ní in, àfi bí ó bá bọ́ sí abẹ́ ìyọ̀ǹda díẹ̀ tó wà, bíi pé ó ní ìwé àṣẹ ọdẹ tí àkókò rẹ̀ kò tíì tán. Ẹni tó ní káàdì aláwọ̀ ewé lè ní in. Ní Texas, ẹni tí wọ́n bí láti ọjọ́ kejì oṣù kẹsàn-án 1971 gbọ́dọ̀ gba ẹ̀kọ́ ọdẹ. Kí ẹnikẹ́ni má sì di ìbọn yìí mọ́ ẹrù wálé. Òfin Ìbọn ilẹ̀ Nàìjíríà ka rìfọ́fà àti pístọ́ọ̀lù mọ́ àwọn ìbọn tí ará ìlú kò gbọdọ̀ ní, àfi bí Ààrẹ bá fún un ní ìwé àṣẹ. Ẹ tú gbogbo àpò jákẹ́ẹ̀tì ìgbẹ́ yín wò kí ẹ tó lọ sí pápákọ̀ òfurufú, torí ọta kan péré ti tó láti dá wàhálà sílẹ̀.

Àwọn òfin ìpínlẹ̀ tí mo dárúkọ yìí máa ń yí padà, ìwé ìlànà tuntun sì ń jáde lọ́dọọdún lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ gba ti ọdún yìí, ẹ kà á parí, lẹ́yìn náà ni kí ẹ wá lọ sanwó ìbọn.