Fídíò Ẹ̀kọ́ Pọ̀ Jaburata, Ètò Ló Kù

Ẹni tó bá fẹ́ kọ́ Blender lónìí kò ní í wá fídíò tì. Blender ni sọ́fítíwià ọ̀fẹ́ tí àwọn ayàwòrán fi ń ṣe àwòrán oníhà mẹ́ta àti eré àwòrán tó ń rìn. Ton Roosendaal, ọmọ orílẹ̀-èdè Netherlands, ló pilẹ̀ rẹ̀. Ní ọdún 2002, àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀ dá 100,000 yúrò jọ láàárín ọ̀sẹ̀ 7 kí wọ́n lè gbà á lọ́wọ́ àwọn olówó tó ni ín, kó sì di ti gbogbo ayé. Òun ni wọ́n fi ṣe Flow, fíìmù tí Gints Zilbalodis láti Latvia darí, tó gba Oscar ní ọdún 2025. Irinṣẹ́ tó tó báyìí, ẹni tó fẹ́ lò ó kò ní í san kọ́bọ̀. Àwọn tó ń kọ́ni lórí YouTube pọ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í sì í gba owó lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́. Síbẹ̀, ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀ lè jókòó ti fídíò fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀ kó má lè dá àga kan ṣoṣo mọ.

Ẹ̀sùn tí wọ́n sábà máa ń kà sí irú ẹni bẹ́ẹ̀ lọ́rùn ni pé kò ní sùúrù, tàbí pé orí rẹ̀ kò gba iṣẹ́ kọ̀ǹpútà. Ẹ̀sùn náà kò tọ́. Ohun tó ń dá a dúró ni pé kò sẹ́ni tó to ẹ̀kọ́ náà fún un. Iṣẹ́ olùkọ́ ni títo ẹ̀kọ́, bí gbígba ohùn àti àwòrán sílẹ̀ ṣe jẹ́ iṣẹ́ olùkọ́, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ṣe fídíò ti fi apá yìí sílẹ̀ fún ẹ̀rọ tó ń yan fídíò fún èèyàn. Ẹ̀rọ yẹn kò mọ ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Fídíò tó bá ọ̀rọ̀ tí èèyàn tẹ̀ mu, tí àwọn mìíràn sì ti pẹ́ nídìí rẹ̀, ló máa ń gbé síwájú.

Ibi tí ìyà náà ti le jù ni ọ̀rọ̀ ẹ̀dà sọ́fítíwià. Ní oṣù Keje ọdún 2019, ẹ̀dà 2.80 ti Blender jáde, ojú rẹ̀ sì yàtọ̀ gidigidi sí ti àtẹ̀yìnwá. Tẹ́lẹ̀, bọ́tìnì ọ̀tún máòsì ni wọ́n fi ń yan nǹkan. Nínú ẹ̀dà tuntun, ó di ti òsì. Bọ́tìnì gbọọrọ tó wà nísàlẹ̀ kíbọ́ọ̀dù máa ń ṣí àpótí ìwárí tẹ́lẹ̀. Ó wá di èyí tó ń mú eré rìn, F3 ló sì gba iṣẹ́ ìwárí. Ká ní akẹ́kọ̀ọ́ rí i pé ara ohun tó ń mọ ń dúdú láwọn ibì kan, nítorí pé àwọn ojú ibẹ̀ kọjú sínú dípò ìta. Fídíò àtijọ́ á ní kó tẹ Ctrl pẹ̀lú N. Ó tẹ̀ ẹ́, àpótí tó ń bi í léèrè irú fáìlì tuntun tó fẹ́ ṣí ló yọ sí i. Shift pẹ̀lú N ló yẹ kó tẹ̀. Òótọ́ ni olùkọ́ sọ lọ́jọ́ tó ṣe fídíò náà, ṣùgbọ́n kò sí àmì kankan lára rẹ̀ tó sọ pé ọjọ́ ti lọ lórí rẹ̀. Ara rẹ̀ ni akẹ́kọ̀ọ́ máa ń dá lẹ́bi. Bó bá sì jẹ́ pé Ìbàdàn tàbí Òṣogbo ló wà, tó ń ra dátà ní díẹ̀díẹ̀, owó gidi ló ti bá fídíò ogójì ìṣẹ́jú yẹn lọ.

Lóòótọ́, YouTube kò gba olùkọ́ láyè láti fi fídíò tuntun rọ́pò ti àtijọ́ lórí líǹkì kan náà. Àmọ́ àkọlé ṣeé yí padà nígbàkigbà, àlàyé abẹ́ fídíò náà sì ṣeé tún kọ. Kí olùkọ́ kọ nọ́mbà ẹ̀dà sí iwájú àkọlé, kó sì fi líǹkì fídíò tuntun sí ìlà àkọ́kọ́ àlàyé, iṣẹ́ ìṣẹ́jú díẹ̀ ni. Andrew Price, ọmọ Ọsirélíà tí àwọn èèyàn mọ̀ sí Blender Guru, ti tún ẹ̀kọ́ rẹ̀ lórí mímọ dónọ́ọ̀tì ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ bí Blender ṣe ń yí padà, ó sì ń kọ nọ́mbà ẹ̀dà sí àkọlé. Iṣẹ́ ńlá nìyẹn, ó sì yẹ kí wọ́n yìn ín. Ẹni tí kò bá lágbára àtiṣe irú rẹ̀ lágbára àtitún àkọlé kọ.

Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ ẹ̀dà ni ọ̀rọ̀ ohun tó yẹ kó ṣáájú. Akẹ́kọ̀ọ́ fa kúbù kan gùn títí ó fi dà bíi pákó, ó wá fẹ́ fi irinṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní Bevel gé etí mímú rẹ̀ kúrò. Ojú ibi tó gé fẹ̀ níhà kan, ó tẹ́ẹ́rẹ́ níhà kejì. Kò sí àṣìṣe nínú bó ṣe lo Bevel. Ohun tí kò ṣe ni pé kò kọ́kọ́ tẹ Ctrl pẹ̀lú A kí Blender lè gba ìwọ̀n tuntun náà wọlé. Ẹ̀kọ́ kékeré ni, kò tó ìṣẹ́jú 3, ṣùgbọ́n bí kò bá ṣáájú ẹ̀kọ́ Bevel, ẹ̀kọ́ Bevel ti bàjẹ́ nìyẹn. Kò sí télọ̀ tó máa gbé aṣọ agbádá lé ọmọṣẹ́ tó dé lánàá lọ́wọ́ pé kó gé e. Ọmọ náà á kọ́kọ́ mọ bí wọ́n ṣe ń ki òwú bọ abẹ́rẹ́, á mọ ìgbátí, kó tó kan sísọ́ọ̀sì.

Àwọn kan á ní ọ̀nà kan ò wọ ọjà, pé kí wọ́n jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ máa wá ohun tó bá ń fẹ́ fúnra rẹ̀, torí ibi tó bá ti kọsẹ̀ ni yóò ti gbọ́n. Ọ̀rọ̀ wọn wúlò fún ẹni tó ti rìn jìnnà nínú iṣẹ́. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ kò mọ orúkọ ohun tó sọnù lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tó rí ara dúdú lójú kọ̀ǹpútà kò lè tẹ «normals», orúkọ tí wọ́n ń pe ìhà tí ojú kọ̀ọ̀kan kọjú sí, sínú àpótí ìwárí nígbà tí kò tíì gbọ́ ọ rí. «Kí ló dé tí iṣẹ́ mi dúdú» ló máa tẹ̀, oríṣiríṣi ìdáhùn lórí iná, lórí àwọ̀ àti lórí káàdì kọ̀ǹpútà á sì ya bò ó.

Wọ́n ti to ẹ̀kọ́ dáadáa níbì kan. Ní ilé ẹ̀kọ́ gíga IIT Bombay ní Íńdíà, ètò Spoken Tutorial tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Kannan Moudgalya darí ń kọ́ni ní àwọn sọ́fítíwià ọ̀fẹ́, Blender wà lára wọn. Fídíò wọn máa ń tó bí ìṣẹ́jú 10. Kí wọ́n tó gba ohùn, wọ́n á kọ gbogbo ọ̀rọ̀ sílẹ̀, wọ́n á sì gbé e fún ẹni tí kò mọ iṣẹ́ náà kó tẹ̀lé e ní ẹsẹẹsẹ, kí wọ́n lè rí ibi tí yóò ti há. Ní ìbẹ̀rẹ̀ fídíò, ohùn náà á sọ ohun tí wọ́n fẹ́ kọ́, ẹ̀dà sọ́fítíwià tí wọ́n ń lò àti ohun tó yẹ kí èèyàn ti mọ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ á ṣí fídíò sí apá kan ojú kọ̀ǹpútà, á ṣí sọ́fítíwià sí apá kejì, á máa ṣe bó ṣe ń rí. Wọ́n sì ń gbé ohùn náà sí ọ̀pọ̀ èdè Íńdíà, bíi Tamil àti Marathi, nígbà tí ọ̀rọ̀ ojú sọ́fítíwià wà ní Gẹ̀ẹ́sì bó ṣe wà.

Ní ti gígùn fídíò, àwọn olùwádìí Philip Guo, Juho Kim àti Rob Rubin yẹ ìgbà mílíọ̀nù 6.9 tí àwọn èèyàn wo fídíò ẹ̀kọ́ lórí edX, ìkànnì ẹ̀kọ́ orí ayélujára, wò. Ní ọdún 2014 tí wọ́n gbé àbájáde rẹ̀ jáde, wọ́n ní bó ti wù kí fídíò gùn tó, ìdajì àwọn tó ń wò ó kì í lò ju nǹkan bí ìṣẹ́jú 6 lọ nídìí rẹ̀. Kò pọn dandan kí gbogbo fídíò sọ́fítíwià kúrú bẹ́ẹ̀. Ohun tó ṣe pàtàkì ni kí fídíò kan dúró síbi tí iṣẹ́ kan parí sí. Èyí tó bá sì gùn, kí wọ́n pín in sí orí: olùkọ́ á kọ àkókò àti orúkọ orí kọ̀ọ̀kan sínú àlàyé, bẹ̀rẹ̀ láti 0:00, ó kéré tán orí 3, YouTube fúnra rẹ̀ á sì gé e.

Àwọn ọ̀dọ́ Yorùbá tó ń fi èdè abínibí kọ́ni ní iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ń ṣe iṣẹ́ tó níye lórí, wọ́n sì láǹfààní tí àwọn tó ṣáájú wọn kò ní, torí pé fídíò wọn kò tíì pọ̀ débi tí kò ní í ṣeé tò. Kí wọ́n tó gba fídíò mìíràn sílẹ̀, kí wọ́n jókòó ti èyí tó wà nílẹ̀: kí wọ́n fún un ní nọ́mbà, kí wọ́n kọ ẹ̀dà sí i, kí wọ́n sọ èyí tó ṣáájú àti èyí tó tẹ̀lé e, kí wọ́n sì pe ẹnì kan tí kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀ wá wò ó níṣojú wọn.