Kì Í Ṣe Ẹ̀jẹ̀ Wọn, Kì Í Ṣe Ìwà Wọn

Ọ̀rọ̀ kan ti di orin lẹ́nu àwọn èèyàn wa ní Amẹ́ríkà, láti Chicago títí dé Houston. Bí wọ́n bá ti gbọ́ pé ọmọ-ọwọ́ àwọn aláwọ̀ dúdú ń kú ju ti àwọn aláwọ̀ funfun lọ, wọn á ní, "Tàwọn akátá nìyẹn. Wọn kì í tọ́jú ara. Wọn ò kàwé, ọmọdé wọn ló ń bímọ." Àwọn tó rò pé àwọn gbọ́n jù bẹ́ẹ̀ lọ a ní inú ẹ̀jẹ̀ ló wà, pé bí Ọlọ́run ṣe dá aláwọ̀ dúdú nìyẹn. Irọ́ ni èkínní, irọ́ ni èkejì. Irọ́ tó sì ń pa ọmọ ni, nítorí kò sẹ́ni tí í náwó lé ohun tó bá ti gbà pé kò látùn-únṣe.

Ní 2022, nínú ẹgbẹ̀rún ọmọ tí àwọn obìnrin dúdú bí láàyè ní Amẹ́ríkà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 11 tó kú kí wọ́n tó pé ọmọ ọdún kan. Ti àwọn funfun kò pé 5. Ohun tó ń pa ti àwọn dúdú jù lọ ni pé wọ́n ń wáyé kí oṣù wọn tó pé, ara wọn kò sì tíì gbó tó.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ti àìkàwé. Ìwádìí kan jáde ní 1992 lórí àwọn ọmọ tí wọ́n bí láàárín 1983 sí 1985, tí bàbá àti ìyá wọn jọ gboyè yunifásítì. Nínú ẹgbẹ̀rún ọmọ dúdú, 10.2 ló kú. Nínú ẹgbẹ̀rún ọmọ funfun, 5.4. Ìyá gboyè, bàbá gboyè, síbẹ̀ ikú ọmọ wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìlọ́po méjì. Kí ni ẹ fẹ́ kí ìyá náà tún lọ kọ́ kí ọmọ rẹ̀ tó yè?

Ti ẹ̀jẹ̀ ńkọ́? Dókítà méjì ní Chicago, Richard David àti James Collins, yẹ àkọsílẹ̀ ìbí ìpínlẹ̀ Illinois wò, wọ́n sì tẹ èsì rẹ̀ jáde ní 1997. Bí a bá pín in dọ́gba, ọmọ tí obìnrin funfun tí wọ́n bí sí Amẹ́ríkà bí tẹ̀wọ̀n gíráàmù 3,446. Ti obìnrin dúdú tí wọ́n bí sí Amẹ́ríkà jẹ́ 3,089. Ti obìnrin tí wọ́n bí sí Áfíríkà jẹ́ 3,333, ó sún mọ́ ti funfun ju ti dúdú ibẹ̀ lọ. Bẹ́ẹ̀ àwa gan-an la dúdú jù, torí ọ̀pọ̀ nínú àwọn yẹn ló ti ní ẹ̀jẹ̀ funfun lára láti ayé oko ẹrú. Bó bá jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ dúdú ni àrùn náà, ọmọ tiwa ni ì bá kéré jù.

Ẹ má tíì yọ̀ o. Ní 2002, Collins, David àti akẹgbẹ́ wọn padà sídìí àkọsílẹ̀ Illinois, wọ́n tọpa àwọn ọmọbìnrin tí àwọn ìyá dúdú tó wá láti òkèèrè bí síbẹ̀. Nígbà tí àwọn ọmọbìnrin yìí dàgbà tí wọ́n bímọ tiwọn, ọmọ wọn kéré ju bí àwọn fúnra wọn ṣe tó lọ́jọ́ tí wọ́n bí wọn. Ti àwọn funfun tó wá láti Yúróòpù, ńṣe ni ọmọ-ọmọ ń tóbi sí i. Ìran kan péré ti tó fún ilẹ̀ náà láti ṣe ọmọ wa bó ṣe ń ṣe àwọn tí à ń fojú tín-ín-rín. Ọmọbìnrin tí ẹ bí sí Maryland, tí ẹ fi òógùn ojú rán lọ sí yunifásítì, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ la ń sọ yìí.

Kí wá ni ilẹ̀ náà ń ṣe? Olùwádìí ìlera Arline Geronimus ní ara obìnrin dúdú ń gbó ṣáájú ọjọ́ nítorí ìyà àti ìwọ̀sí tó ń fara dà láti kékeré. Mo gbà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n apá kan wà tí ojú lásán rí. Ní Mississippi láyé àtijọ́, ọ̀pọ̀ ọsibítù ló ń lé aláwọ̀ dúdú tàbí tó ń tì wọ́n sí ẹ̀yìnkùlé. Òfin ẹ̀tọ́ aráàlú ti 1964, tó fòfin de ìyàsọ́tọ̀ aláwọ̀, dé. Nígbà tó di 1966, ìjọba àpapọ̀ ní ọsibítù tó bá ń ya aláwọ̀ sọ́tọ̀ kò ní rí owó Medicare, ètò ìlera ìjọba fún àwọn àgbàlagbà, gbà. Wọ́n ṣílẹ̀kùn. Láàárín ọdún díẹ̀, ikú tí ìgbẹ́ gbuuru àti òtútù àyà fi ń pa ọmọ dúdú níbẹ̀ lọ sílẹ̀ gidigidi. Ẹ̀jẹ̀ àwọn ìyá náà kò yí padà, ìwà wọn kò sì yí padà.

Ní ìpínlẹ̀ yẹn kan náà, ní Mound Bayou, ìlú tí àwọn tó bọ́ lóko ẹrú tẹ̀ dó ní 1887, dókítà Jack Geiger àti akẹgbẹ́ rẹ̀ John Hatch ṣí ilé ìlera kan ní 1967. Ẹ̀rọ ti gba iṣẹ́ òwú lọ́wọ́ àwọn ará àgbègbè náà, ebi sì ń lu ọmọ wọn pa. Àwọn dókítà bá ń kọ oúnjẹ sórí ìwé oògùn. Ìyá á mú ìwé náà lọ sí ṣọ́ọ̀bù, wọ́n á gbé oúnjẹ fún un, ilé ìlera á sì san án nínú owó oògùn. Nígbà tí àwọn aláṣẹ bínú pé kí owó oògùn má kọjá oògùn, Geiger fèsì pé nínú ìwé ìṣègùn tí òun kà, oúnjẹ ni oògùn àìjẹunrekánú. Hatch kó àwọn ará ìlú jọ, wọ́n gbẹ́ kànga, wọ́n kọ́ ilé ìgbọ̀nsẹ̀, wọ́n dá oko àjùmọ̀ní sílẹ̀. Ìwòsàn nìyẹn! Ibo sì ni Geiger ti kọ́ ọ? Ní Pholela, ní South Africa, lọ́dọ̀ àwọn dókítà Sidney àti Emily Kark. Nílẹ̀ wa pàápàá, ní Ìmẹ̀sí-Ilé, dókítà David Morley àti àwọn nọ́ọ̀sì ti ń wọn ọmọdé déédéé láti ìparí àwọn ọdún 1950, tí wọ́n ń kọ ọ́ sórí káàdì tí ìyá ń mú lọ sílé.

Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kò tíì parí. Healthy Start, ètò ìjọba àpapọ̀ fún àwọn aboyún àti ọmọ-ọwọ́, bẹ̀rẹ̀ ní 1991 ní àdúgbò 15 tí ikú ọmọ-ọwọ́ ti pọ̀. Ní Memphis, nínú ètò mìíràn ní àwọn ọdún yẹn, wọ́n ń rán nọ́ọ̀sì lọ sílé àwọn aboyún tálákà, dúdú ló pọ̀ jù nínú wọn, títí ọmọ fi pé ọdún méjì. Nígbà tí wọ́n padà wò wọ́n lẹ́yìn ogún ọdún, ikú tí à bá dènà ti pa nínú ọmọ àwọn tí nọ́ọ̀sì kò bẹ̀ wò báyìí; kò pa ọ̀kan nínú ti àwọn tó bẹ̀ wò. Ẹni tó bá ní ìyàtọ̀ dúdú àti funfun ṣì wà síbẹ̀, òótọ́ ló sọ. Ètò tó dé àdúgbò díẹ̀, tí wọ́n tún ń halẹ̀ mọ́ owó rẹ̀, kò lè tún gbogbo orílẹ̀-èdè ṣe.

Ẹ̀yin nọ́ọ̀sì àti dókítà wa tí ẹ pọ̀ ní ọsibítù Amẹ́ríkà, bí obìnrin dúdú bá ní nǹkan ń ṣe òun, ẹ gbà á gbọ́ nígbà àkọ́kọ́. Ẹ̀yin pásítọ̀ àti ààfáà, gbọ̀ngàn tí ẹ fi ń ṣe àríyá, ẹ yọ̀ǹda rẹ̀ fún àwọn òṣìṣẹ́ ìlera àdúgbò, ẹ má sì bi aboyún tó bá wọlé bóyá Ìbàdàn ló ti wá tàbí Alabama. Ẹ̀yin tí ẹ ní káàdì ìdìbò, ẹ kọ̀wé sí aṣòfin yín lọ́sẹ̀ yìí pé wọn ò gbọdọ̀ gé owó Healthy Start.