Kápúsùlù tí lágbájá lò, aládùúgbò rẹ̀ ló lè jìyà rẹ̀

Ọ̀rọ̀ kan kò wọ́n lẹ́nu àwọn tó ń ra oògùn lọ́wọ́ oníkẹ́míìsì àti lọ́wọ́ àwọn tó ń polówó oògùn nínú mọ́tò: 'Owó mi ni mo fi rà á, ara mi ni mo sì fẹ́ fi tọ́jú.' Létí ẹni tí kò bá rò ó jinlẹ̀, òótọ́ ọ̀rọ̀ ni. Ẹni tó bá mu ọtí yó, orí tirẹ̀ ni yóò fọ́. Ṣùgbọ́n oògùn apakòkòrò, irú bíi tẹtirasáíkílìn àti Ampiclox, kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ẹni tó lò ó nílòkulò lè máa rìn káàkiri láìsí ohun tó ṣe é, kó wá jẹ́ pé ọmọ ọlọ́mọ tí kò fẹnu kan oògùn náà rí ni yóò fara gbá a.

Ìwà àwọn kòkòrò àìfojúrí tí wọ́n ń pè ní bakitéríà ló fà á. Ọ̀dọ̀ bàbá àti ìyá ni ọmọ ènìyàn ti ń jogún ìrísí rẹ̀. Kò sí bí ẹni tó dúdú ṣe lè bọ ẹni tó pupa lọ́wọ́ kí àwọ̀ onítọ̀hún ràn án. Ti bakitéríà yàtọ̀. Lẹ́yìn ogún tó gbà lọ́dọ̀ èyí tó bí i, ọ̀pọ̀ nínú wọn tún ní òrùka kékeré kan nínú, tí kò sí lára ogún gbòógì yẹn. Plasmid ni wọ́n ń pè é. Joshua Lederberg, onímọ̀ ará Amẹ́ríkà, ló sọ ọ́ lórúkọ bẹ́ẹ̀ lọ́dún 1952. Orí òrùka yìí ni ọgbọ́n tí bakitéríà fi ń borí oògùn sábà máa ń wà. Bí èyí tó ní i bá pàdé èyí tí kò ní, yóò na okùn tín-ínrín kan sí i, yóò fà á mọ́ra, yóò sì fún un ní ẹ̀dà òrùka náà. Ẹ̀dà ni o! Ti ọwọ́ rẹ̀ kò kúrò níbẹ̀. Ó dà bí ìgbà tí ìyàwó ilé bá lọ mú iná wá láti ìdáná aládùúgbò: iná ẹni tó fún un kò dín kù, ìdáná méjì ló wá ń jó. Kò sì pọn dandan kí àwọn méjèèjì jẹ́ ẹbí. Bakitéríà tó ń gbé inú ìfun ènìyàn jẹ́ẹ́jẹ́ lè gbé e fún èyí tó ń pa ènìyàn.

Orílẹ̀-èdè Japan ni àṣírí ọ̀rọ̀ yìí ti tú. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, ìgbẹ́ ọ̀rìn dà wọ́n láàmú púpọ̀ níbẹ̀. Lọ́dún 1955, wọ́n rí kòkòrò ọ̀rìn lára aláìsàn kan tó ti Hong Kong dé, oògùn mẹ́rin ni kò sì ká kòkòrò náà lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn dókítà tún kíyè sí i pé E. coli, bakitéríà mìíràn tó ń gbé inú ìfun irú àwọn aláìsàn bẹ́ẹ̀, náà ti mọ bí wọ́n ṣe ń borí oògùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ta ló kọ́ ọ? Lọ́dún 1959, Kunitaro Ochiai àti Tomoichiro Akiba, tí kálukú wọn ń ṣe iṣẹ́ tirẹ̀ lọ́tọ̀, fi hàn pé bí wọ́n bá da bakitéríà méjèèjì pọ̀ sójú kan, èyí tó mọ̀ yóò fún èyí tí kò mọ̀.

Oògùn mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan náà, ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ ti burú jù. Òrùka kan ṣoṣo lè gbé ọgbọ́n oríṣiríṣi oògùn pọ̀. Bí ẹnì kan bá ń gbé tẹtirasáíkílìn olówó pọ́ọ́kú mì nítorí inú rírun, ọ̀pọ̀ bakitéríà inú rẹ̀ tí kò ní òrùka yóò kú, àwọn tó ní i yóò ṣẹ́kù, àyè yóò sì gbà wọ́n láti máa bí sí i. Oògùn olówó gọbọi tí onítọ̀hún kò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí, òrùka yẹn kan náà lè ti sọ ọ́ di omi lásán. Láti inú ìgbẹ́ ló ti ń dé inú omi odò, láti inú omi ló ti ń dé ẹnu ẹlòmíràn.

Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní agbègbè Sindh ní Pakistan. Láti ọdún 2016 ni ibà táífọ́ọ̀dù kan ti bẹ́ sílẹ̀ níbẹ̀ tí ọ̀pọ̀ oògùn tí wọ́n fi ń wò ó kò ká mọ́. Nígbà tí àwọn onímọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n rí plasmid kan nínú rẹ̀, èyí tó jọ pé ọ̀dọ̀ E. coli ló ti gbà á. Oògùn oníhóró kan péré, azithromycin, ló kù tó ṣeé gbára lé. Lẹ́yìn ìyẹn, ó di abẹ́rẹ́ olówó ńlá nílé ìwòsàn. Ẹni tí táífọ́ọ̀dù bá ti ṣe rí yóò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti Pakistan nìkan.

Wọ́n ṣe ìṣirò kan lórí ọdún 2019, ó sì fi hàn pé bíi mílíọ̀nù kan ó lé ẹgbẹ̀rún lọ́nà 270 ènìyàn ló kú káàkiri àgbáyé nítorí pé oògùn kò ká bakitéríà tó ṣe wọ́n. Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà, níbi tí Nàìjíríà wà, ni ikú náà ti pọ̀ jù bí a bá fi iye ènìyàn wò ó: ó lé ní 27 nínú ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rùn-ún.

Ó rọrùn láti di ẹ̀bi náà ru ará abúlé. Kò tọ́ bẹ́ẹ̀. Níbi tí ilé ìwòsàn ìjọba kò ti ní dókítà, tí owó mọ́tò dé ọ̀dọ̀ dókítà sì ju owó oògùn lọ, oníkẹ́míìsì ni dókítà. Ìjọba àpapọ̀ gbé ètò kan jáde lọ́dún 2017 lórí ọ̀rọ̀ yìí, ètò tó dára lórí ìwé ni. Ṣùgbọ́n ìwé kò gbẹ́ kànga, ìwé kò sì yẹ ẹ̀jẹ̀ wò. Omi tó mọ́ àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ yóò dí ojú ọ̀nà tí òrùka wọ̀nyí ń gbà kiri ju ìkìlọ̀ orí rédíò lọ.

Èyí kò ní kí àwọn tó ń fọ́ Ampiclox sójú ọgbẹ́, tàbí tó ń lò ó fún nǹkan oṣù, máa bá a lọ. Nǹkan oṣù kì í ṣe àrùn bakitéríà rárá, kí ni kápúsùlù fẹ́ pa níbẹ̀?

Àwọn tó yẹ kí wọ́n tètè gbọ́ ni àwọn olóko adìyẹ. Oògùn kan wà tó ń jẹ́ colistin, tí àwọn dókítà ń fi pamọ́ de ìgbà tí gbogbo oògùn yòókù bá kùnà. Àwọn kan ń fún ẹran ọ̀sìn kó lè tètè sanra. Lóṣù kọkànlá ọdún 2015, àwọn onímọ̀ ní China kéde pé àwọn rí ọgbọ́n tó ń borí colistin lórí plasmid, lára ẹlẹ́dẹ̀, lára ẹran títà àti lára aláìsàn. Ìjọba China kò jáfara: lọ́dún 2017, wọ́n fòfin de fífi í sínú oúnjẹ ẹran láti mú un sanra. Ṣáájú òfin náà, bíi 34 nínú ọgọ́rùn-ún E. coli tí wọ́n yẹ̀ wò lára ẹlẹ́dẹ̀ ni colistin kò ká; láàárín ọdún díẹ̀, ó ti wálẹ̀ sí bíi 5. Ohun tí òfin tí wọ́n tẹ̀ lé lè ṣe nìyẹn.

Nítorí náà, kí olóko adìyẹ tó da lùbú oògùn sínú omi adìyẹ, kó ka ohun tí wọ́n kọ sára àpò rẹ̀. Bí kò bá mọ̀ ọ́n kà, kó pe ọmọ iléèwé. Bí colistin bá wà níbẹ̀, tí dókítà ẹran kò sì ní kó lò ó, kó dá a padà fún ẹni tó tà á.